Ta Ni Àlejò? Àgbéyẹ̀wò Ìjà Tó Tẹ̀lé Òmìnira àti Bó Ṣe Tún Ètò Àgbáyé Tò

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wọn. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Abrefa Busia kéde ní Gánà pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kẹ́rù rẹ̀ kó máa lọ. Ẹni tó ti ná ọjà Tamale fún ogún ọdún, ẹni tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí Kumasi, ọmọ tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju èdè baba rẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá kan náà ni. Ọjà tó wà ní ìsọ̀, wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó mọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti pé, gbèsè di àwátì nìyẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ, abọ́ tánńganran, ẹní, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ó di Aflao, ó di Lomé, ó di Kútọnu, ó di ilé.

Ilé tí wọ́n ń wí yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà lókè ẹrù kò fojú kàn án rí. Ìkànìyàn ọdún 1960 ní Gánà fi hàn pé Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká wà lára ibi tí wọ́n ti lọ. Ìbà, tó wà láàárín Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, wà láàárín ilẹ̀ tí èrò Gánà ti jáde yìí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí kí n tó wo ọ̀rọ̀ tó gbòòrò ju Ìbà lọ: ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òyìnbó kógbá wọlé, àti ohun tí ìjà yẹn ṣe sí ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń bá ara wọn gbé.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń rò ó ni pé àwọn alágbára ló jókòó ní New York àti Geneva, wọ́n kọ òfin, àwa tó kù ń tẹ̀ lé e. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n á ní wàhálà àwọn tí kò tíì mọ ìjọba í ṣe ni, títí àwọn àgbà ayé yóò fi wá pẹ̀tù sí i. Èmi kò gba ìròyìn yẹn. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé ń pè ní òfin lónìí, inú ìjà tiwa ló ti jáde, ẹ̀jẹ̀ tiwa la sì fi kọ ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé a kọ èyí tó jẹ mọ́ ilẹ̀, a kọ èyí tó jẹ mọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mọ́ ènìyàn tó ń rìn láàárín ilẹ̀ kan sí èkejì, a kọ ọ́ tán a ò sì mú un lò.

Agbègbè yìí ti mọ ìjà tó ń yí ààlà padà kí òyìnbó tó dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà ní ìtòsí Ìkìrun. Ìbàdàn borí, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin àti àwọn tó bá wọn wá sá, odò Ọ̀tìn sì kún. Wọ́n já lu omi, orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Ogun Kírìjì tó so mọ́ ọn kò ní ìwé àdéhùn títí di ọdún 1886, nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ni onílàjà. Onílàjà yẹn kò padà sílé. Nígbà tí wọ́n wá fa ìlà láàárín Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà, Ọ̀fà bọ́ sí Àríwá, Òkukù bọ́ sí Gúúsù, bẹ́ẹ̀ ìlú tí ojú irin kan náà so pọ̀ ni wọ́n. Ìlà kan náà ló ya ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ́tọ̀ kúrò lára Kwara lónìí. A ti gba òmìnira, a ti yí ìjọba padà lọ́pọ̀ ìgbà, a ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ léraléra, ìlà náà ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Òkukù àti Ọ̀fà ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo Áfíríkà. Ọdún 1960 nìkan, orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún gba òmìnira. Wọ́n bá ìlà nílẹ̀, ìlà ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gé ìdílé kan sí méjì. Kétu wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, Ewe wà ní Gánà àti Tógò, àwọn Sòmálì wà lábẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn olórí pàdé ní Addis Ababa, wọ́n dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Algeria àti Mòrókò ti gbé ìbọn síra wọn lórí aṣálẹ̀. Ìyẹn ló mú kí wọ́n ṣe ìpinnu tó tún lágbára jù lọ nínú ìtàn àjọ náà. Ní Cairo, ní oṣù keje ọdún 1964, wọ́n fẹnu kò pé ààlà tí kálukú bá nílẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira ni kó máa lò. Mòrókò àti Sòmálíà kò fara mọ́ ọn. Àwọn tó kù gbà, kì í ṣe pé ìlà náà dára lójú wọn, bí kò ṣe pé wọ́n rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un fà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà dán ìpinnu yẹn wò. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba méjì àti ìpakúpa àwọn Ígbò ní Àríwá ní ọdún 1966, Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba àpapọ̀ àti Ojukwu tó ń ṣàkóso Ìlà-Oòrùn pàdé ní Aburi, ní Gánà, ní oṣù kìíní ọdún 1967. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ láti Aburi, oníkálukú túmọ̀ rẹ̀ sí bó ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún Ojukwu kéde Ìlà-Oòrùn ní orílẹ̀-èdè Biafra, ní oṣù keje ìbọn dún. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dúró sẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ní Áfíríkà ló gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1968: Tanzania, Gabon, Côte d'Ivoire àti Zambia. Gẹ̀ẹ́sì àti Sofieti, tí wọn kì í sábà gba ìhà kan náà nígbà yẹn, jọ ń ta ohun ìjà fún Èkó. Faransé ń ti Biafra lẹ́yìn láti abẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun náà ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1970, U Thant tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé àjọ òun kò gba kí apá kan orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gé ara rẹ̀ kúrò.

Ogun Biafra fi nǹkan méjì sílẹ̀ fún ayé. Àkọ́kọ́ ni pé ààlà ọjọ́ òmìnira di òfin tó lójú, tó sì lápá. Èkejì wá láti inú àwòrán àwọn ọmọ tí ebi pa títí ikùn wọn fi wú. Àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè pa ẹnu mọ́, wọ́n wà lára àwọn tó dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ìrànwọ́ tó máa ń fo ààlà lọ bá aláìsàn láì dúró de ìwé àṣẹ ìjọba, bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ilẹ̀ Ígbò ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Ìpinnu Cairo kò dúró sí Áfíríkà. Burkina Faso àti Mali ja ìjà ọjọ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1985 lórí ilẹ̀ kékeré kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbé ẹjọ́ ilẹ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ṣáájú ìjà yẹn. Ìdájọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1986. Àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ pé ìlànà pípa ààlà ọjọ́ òmìnira mọ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo, ibikíbi tí òmìnira bá ti ń bí orílẹ̀-èdè tuntun ló ti wúlò. Nígbà tí Yugoslavia wá ń túká ní ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 1991, ìdájọ́ yìí gan-an ni àwọn amòfin Yúróòpù fà yọ láti fi ààlà sáàárín Croatia, Bosnia àti Serbia. Ẹ ronú sí i: ohun tí àwọn àgbààgbà Áfíríkà fẹnu kò sí ní Cairo torí ìjà inú aṣálẹ̀ ni Yúróòpù fi pín ogún. Ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí ogun Rọ́ṣíà fẹ́ wọ Ukraine, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kálé káko jù lọ nínú ìgbìmọ̀ aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni Martin Kimani, aṣojú Kẹ́ńyà. Ohun tó sọ kò ju ìtàn wa yìí lọ, pé àwa náà jogún ààlà tí a kò fà, a mọ̀ pé ìbátan wa wà lódì kejì, a sì yàn láti má fi ìbọn lọ mú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Nàìjíríà ṣe pàdánù ilẹ̀ Bakassi, ní ààlà Cameroon. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá Cameroon láre, àdéhùn Greentree tẹ̀ lé e ní ọdún 2006, a sì parí ìfàlélọ́wọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, pàápàá àwọn apẹja tó jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n bá ara wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó lágbára jù yìí fi ilẹ̀ sílẹ̀ láì ja ogun. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni.

Ìdájọ́ tèmi lórí ìpinnu Cairo rèé: ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ogun láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ó sì ti ogun mọ́ inú ilé. Eritrea ja ọgbọ̀n ọdún kó tó gba òmìnira ní 1993, Gúúsù Sudan kò rí tirẹ̀ gbà títí di 2011. Láàárín ààlà tí kò ṣeé yí padà, ẹni tó bá gba ìjọba ló gba gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá lọ.

Nígbà tí ilé kan bá wá ń jóná, ṣé a lè fo ògiri wọlé? Kóńgò ló kọ́kọ́ bi ayé ní ìbéèrè yìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó gba òmìnira ní 1960 tí Katanga fi ní òun ya kúrò, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ. Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kẹwàá fi ọmọ ogun ránṣẹ́ kí ọdún náà tó parí. Aguiyi-Ironsi ló darí gbogbo ikọ̀ náà ní ọdún 1964. Ṣùgbọ́n wọ́n pa Patrice Lumumba ní oṣù kìíní ọdún 1961 lójú àjọ náà, Dag Hammarskjöld tó jẹ́ akọ̀wé àgbà sì kú nínú bàálù tó já ní Ndola ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Faransé àti Sofieti kọ̀, wọn ò san owó iṣẹ́ náà. Ọgbẹ́ Kóńgò wà lára ohun tó jẹ́ kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jìnnà sí Biafra, tí ọmọdé fi ń kú ní Umuahia tí ẹnikẹ́ni kò rán ikọ̀ kankan.

Làìbéríà ló fọ́ ògiri náà. Charles Taylor wọlé láti Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún tó tẹ̀ lé e, òkú ń jẹrà ní ìgboro Monrovia, Amẹ́ríkà kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ kúrò, kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ajé, kó ọmọ ogun jọ, ó sọ wọ́n ní ECOMOG, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1990. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aláàbò kí wọ́n tó lọ, àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé kan sì ń kùn sí i. Ó lé ní ọdún méjì kí ìgbìmọ̀ náà tó ṣe ìpinnu tó gbè é lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa ló sùn síbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn méjì láti Nàìjíríà, Táyọ̀ Awótúsìn àti Krees Imodibie, lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n lè ròyìn fún wa, wọn kò padà wálé.

ECOMOG ní àléébù púpọ̀. Àwọn jagunjagun kan nínú wọn jí ẹrù, inú ọgbà ilé iṣẹ́ ikọ̀ náà sì ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti wá mú Ààrẹ Samuel Doe lọ pa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà tí Áfíríkà ń kọ ìwé òfin Àjọ Áfíríkà tuntun ní Lomé ní oṣù keje ọdún 2000, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àjọ náà lè wọ orílẹ̀-èdè tí ìpakúpa bá ti ń ṣẹlẹ̀, yálà ìjọba ibẹ̀ fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ayé tó péjọ sí New York láti sọ ohun tó jọ ọ́. Àwa la kọ́kọ́ sọ ọ́, torí a ti rí Monrovia, a sì ti rí Rwanda ní 1994. Taylor fúnra rẹ̀, tó ti di ààrẹ Làìbéríà lẹ́yìn náà, gba ibi ìsádi ní Calabar ní 2003, wọ́n mú un ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Cameroon ní oṣù kẹta ọdún 2006. Ilé ẹjọ́ àkànṣe fún Sierra Leone dá a lẹ́bi lórí ogun ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ó sì gba ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún. Láti ìgbà Nuremberg, òun ni olórí orílẹ̀-èdè àná àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ju ti orílẹ̀-èdè kan lọ dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ n padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lórí ẹrù nínú ọkọ̀ ọdún 1969.

Ìdí tí Busia fi ṣe òfin yẹn kò ṣòro láti mọ̀. Iṣẹ́ kò sí, ìsọ̀ tó wà nínú ọjà sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú ń pè ní Aláta àti àlejò mìíràn. Bí ebi bá ń pa ìlú, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Èyí tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé kí òmìnira tó dé, àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò lójú òfin. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Ìnísà àti Kumasi wà, ẹni tó lọ láti ibì kan sí èkejì kò kúrò lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Ọjọ́ òmìnira ló sọ ọ́ di àlejò níbi tó jókòó sí láì gbé ẹsẹ̀. Òmìnira tó fún Gánà ní ìlẹ̀kùn náà ló fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Nàìjíríà ń ja ogun Biafra lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èrò yìí dé, kò rójú gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, Gowon rí i pé ó yẹ kí òun fa àwọn aládùúgbò mọ́ra. Côte d'Ivoire ti gba Biafra lọ́jọ́sí, Ojukwu sì ń gbé níbẹ̀, àwọn aládùúgbò tí Faransé wà lẹ́yìn wọn sì yí wa ká. Gowon àti Eyadéma ti Tógò ló ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé, lọ káàkiri ìlú àwọn aládùúgbò láti ṣe àlàyé. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní Èkó. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fi ìwé kejì tì í: ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ èyíkéyìí nínú wọn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láì gba físà, ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀tọ́ láti dá okòwò sílẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tí mo mẹ́nu bà láti òkè, èyí ni ó sún mọ́ ilé wa jù. Èyí nìkan ló bá ẹni tó gbé àpò lé èjìká sọ̀rọ̀.

Kò pé ọdún mẹ́rin tí àwa fúnra wa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀ lọ́nà, ní oṣù kìíní ọdún 1983 ìjọba Shagari fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló kó jáde, àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù. Gánà ti ti ààlà rẹ̀ pẹ̀lú Tógò tẹ́lẹ̀, èyí mú kí èrò há sí Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ nínú oòrùn, títí wọ́n fi ṣí i ní òpin oṣù náà. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí ni à ń pè ní «Ghana Must Go» títí dòní, a sì ń rà á lọ́jà láì rántí pé orúkọ ìyà ẹlòmíì ni. Tí mo bá rí ẹni tó sọ pé ẹ̀san ni a gbà, mo máa ń bi í pé lọ́wọ́ ta ni? Olùkọ́ ọmọ Gánà tó ń kọ́ ọmọ wa ní ilé ìwé girama nígbà yẹn kọ́ ló lé ìyá ẹnikẹ́ni ní 1969.

Côte d'Ivoire fi ẹ̀jẹ̀ hàn wá ibi tí ìbéèrè «ta ni àlejò?» lè gbé ènìyàn dé. Nígbà tí Ààrẹ Houphouët-Boigny wà láyé, ó ṣí ilẹ̀kùn fún àgbẹ̀ láti Burkina, fún oníṣòwò láti Èjìgbò, ó ní ẹni tó bá dáko ló nilẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993. Henri Konan Bédié tó rọ́pò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ «ọmọ onílẹ̀ gidi» dìde. Wọ́n yí òfin ìdìbò padà kí Alassane Ouattara má bàa lè dupò ààrẹ, wọ́n ní ìran rẹ̀ kò dá wọn lójú. Òfin ilẹ̀ ọdún 1998 ní ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko. Ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1999, ìṣọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì. Ìjà tó tẹ̀ lé ìdìbò ọdún 2010 pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011 ni wọ́n mú Ààrẹ Laurent Gbagbo. Wọ́n gbé e lọ sí Hague, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019. Gbogbo ohun èlò tí ìjà àtẹ̀yìnwá ti rọ ni wọ́n lò níbẹ̀: ikọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ECOWAS, Faransé, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dáhùn ìbéèrè tí ìjà náà tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwé Dakar ṣe rí lójú ọ̀nà, ẹ wọ ọkọ̀ Èjìgbò tó ń lọ Abidjan. Sèmè ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Kútọnu, Hillacondji. Lẹ́yìn Lomé, Aflao. Lẹ́yìn tí ẹ bá la gbogbo Gánà já, Elubo. Ààlà mẹ́rin. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tò, wọ́n á mú ìwé jáde. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà pípé, tó ní yẹ́lò káàdì, tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀, yóò ṣì fi owó sínú ìwé náà kí wọ́n tó lù ú ní òǹtẹ̀. Awakọ̀ mọ iye tí ibùdó kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó ti kà á mọ́ owó ọkọ̀. Ìyálọ́jà tó jókòó sí ẹ̀yìn mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, ó ti ṣẹ́ owó sẹfà rẹ̀ wẹ́wẹ́ láti ilé. Kò bínú mọ́, ó kàn nawọ́ ni. Ìnawọ́ yẹn ló ń dùn mí, torí ohun tí òfin fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń rà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú ọ̀nà kan ṣoṣo.

Gánà tún ní òfin kan láti ọdún 2013 tó fi òwò kéékèèké inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan, wọ́n sì ti ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde sí títì ní Gánà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba ibẹ̀ kò gbà, ó sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n igbe ọdún 1969 náà ni, kò yí padà.

Èyí tó tún wá le jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ECOWAS fúnra rẹ̀. Ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun lè fi ọmọ ogun wọlé, ó ti ààlà, iná mọ̀nàmọ́ná tí Nàìjíríà ń fún wọn sì dúró. Àwọn olórí rò pé Làìbéríà ni wọ́n tún ń ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Monrovia, ìpakúpa ló pè wọ́n. Ní Niamey, àga ìjọba ló bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn, mẹ̀kúnnù tó wà ní ẹ̀bá méjèèjì ààlà ni ebi wá pa. Mali, Burkina Faso àti Niger kéde ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ń jáde, ìjáde náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé ìrìnnà tiwọn. Nígbà náà, ECOWAS ní kí ọmọ ẹgbẹ́ tó kù ṣì máa gba ìwé wọn títí di ìgbà mìíràn. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi «títí di ìgbà mìíràn» parí kò lè mú oníṣòwò sùn dáadáa.

Mo ń bẹ àwọn olórí ECOWAS pé bí wọ́n bá máa jà lórí ohunkóhun pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí, kí wọ́n má fi ẹ̀tọ́ ìrìnnà ṣe ohun ìjà. Owó la lè tún rí, àga ìjọba la lè tún gbà. Bí wọ́n bá ti kọ́ ìran kan pé aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ àlejò, ìran mẹ́ta ni yóò gbà kí ó tó gbàgbé, Côte d'Ivoire sì ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin ará Ìbà, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ̀bẹ̀ tiyín yàtọ̀. Ìwé Cairo wà ní Addis Ababa. Ìdájọ́ Bakassi wà ní Hague. Ìwé ECOWAS wà ní Abuja. Ohun tí àwọn ìyá àti bàbá wa fi sílẹ̀ sí Tamale àti Kumasi ní 1969 kò sí nínú ìwé kankan, orí wọn nìkan ló wà. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àdúgbò tí wọ́n gbé, ẹni tó bá wọn tọ́jú ẹrù, ẹni tó jẹ wọ́n lówó tí kò san, ẹni tó san án tó tún sin wọ́n dé ibùdókọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí.